Ẹ̀yin obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, báwo lẹ ṣe ń rówó ìtọ́jú ara ná?

Ìyá Oníwèé · Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mélòó kan, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ọmọ ọdún 49 ni mí. Èmi ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí tó bá wọ ọ́fíìsì wa, nítorí náà ojú ayé ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, mo ra ìwé kékeré kan, mo ní ohunkóhun tí mo bá ná sórí irun àti ara mi, ibẹ̀ ni n ó máa kọ ọ́ sí. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Alẹ́ àná ni mo jókòó tì í, mo ro ó pọ̀. Owó irun, ìpara, ọṣẹ ojú, èékánná àti oògùn irun tó ń já, ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo fi ra aṣọ àti bàtà ni. Mo tún un rò, torí mo ní bóyá mo ṣì í kà. Mi ò ṣì í kà.

Iye owó náà nìkan kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ìpara kan ṣoṣo ni mò ń fi pa ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì ń tó mi. Ní báyìí, ọ̀kan wà fún abẹ́ ojú, ọ̀kan fún ọrùn, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún alẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, 50 ml ló máa ń wà nínú ìgò rẹ̀. Ó ti di 40 ml báyìí. Owó rẹ̀ kò dín, ńṣe ló tún lé. Ewú ti gba iwájú orí mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún ni mò ń kun dáì. Irun àárín orí ti ń fọ́nká débi pé mo ń rí awọ orí mi nínú dígí tí iná bá mọ́lẹ̀ sí i. Awọ ara mi náà gbẹ: bí mo bá wẹ̀ tán tí mi ò tètè fi nǹkan pa á, á máa fà mí bí aṣọ tó fún mọ́ni lára.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni kí n jáwọ́ nínú rẹ̀, kí ni kí n dì mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gba kámú. Mi ò tíì fẹ́ gba kámú.

Onídìrí Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Onídìrí ni mí, ó ti lé lọ́dún 20 tí mo ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiwa. Owó tí à ń gbà lé nítorí pé ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ lé: rìlásà, dáì, irun àfikún, iná, omi, owó ṣọ́ọ̀bù. Èrè tó ń kù sí wa lọ́wọ́ kò pọ̀ bí ẹ ṣe rò.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn oníbàárà kì í rí. Ewú kì í gba aró bí irun dúdú. Ewú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń le, ojú rẹ̀ ń dán, dáì kì í tètè wọnú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń jẹ́ kó pẹ́ lórí ìyá ju bó ṣe máa ń pẹ́ lórí ọmọ rẹ̀, tí dáì tó ń lọ sí i náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ tún wò ó: irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù kan. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, funfun á ti yọ ní gbòǹgbò. Dáì olówó gọbọi kò lè dá irun dúró kó má hù.

Nítorí náà, ẹ má kun gbogbo orí mọ́. Gbòǹgbò nìkan ni kí ẹ máa ní kí wọ́n kùn. Ẹni tó ń kun irun láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún, èyí tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ ló tún ń kùn lákùntúnkùn. Irun náà á gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹ ó wá lọ ra oògùn irun tó ń kán. Owó méjì lẹ ti ná sórí àṣìṣe kan yẹn.

Ẹ sì má yan dúdú kirikiri. Bí dáì bá ti dúdú jù, funfun tó bá yọ lábẹ́ rẹ̀ á hàn gbangba lọ́sẹ̀ kejì. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ kì í tètè fi ààlà náà hàn.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò lè gbójú fò. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú tí wọ́n ń pè ní PPD. Ara lè gbà á fún ọdún mẹ́wàá, kó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo mọ ìyá kan tó lo irú dáì tó ti ń lò bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tán, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú, kò lè la ojú. Ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú. Ẹ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48, kí ẹ tó kùn ún sórí. Ní gbogbo ìgbà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 11:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìṣírò. Kí ẹ tó ra oògùn irun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni mo rí tó ti ra ìgò márùn-ún, mẹ́fà, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ wọ́n wò rí. Irun tó ń fọ́nká lọ́jọ́ orí wa lè wá látọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí èròjà irin rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà bí omi kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ó lè wá látara tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Ó sì lè jẹ́ ti ìdílé. Oògùn tó ń wo ọ̀kan kì í wo èkejì.

Ní ti awọ tó ń fà, kì í ṣe pé ìpara yín kò dára tó. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin ń dúró. Kó tó dúró, omi ìsúnniṣe tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á ti máa ṣe ségesège. Tó bá dúró tán, á lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ́sítírójìn yìí ló ń bá awọ ara di omi mú, òun ló sì ń ran kọ́lájìn lọ́wọ́, ìyẹn okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó mú awọ le dáadáa. Ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bá dúró, awọ lè pàdánù tó ìdá 30 nínú 100 kọ́lájìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń dín ní nǹkan bí ìdá 2 lọ́dún kan.

Ẹ wá fetí sí èyí, torí ibẹ̀ lowó ń gbà jáde. Wọ́n ń ta ìpara tí wọ́n kọ "kọ́lájìn" sí lára fún wa. Kọ́lájìn tóbi ju ohun tó lè gba ojú awọ wọlé lọ. Orí awọ ló ń dúró sí, ó ń mú un rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, ọṣẹ á sì fọ̀ ọ́ lọ. Kò lè dí èyí tó ń dín nínú.

Ohun tí mò ń ṣe fún ara mi rèé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mò ń wẹ̀, kì í ṣe gbígbóná. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ni mò ń lò, abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀ ni mo sì ń fi pa jù. Tí mo bá jáde, mi ò nu ara gbẹ. Mo kàn ń fi táwẹ́lì tẹ omi kúrò ni, kí ara ṣì tutù díẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń fi Vaseline pa á. Ohun àtijọ́ ni, láti ọdún 1872 ni ẹni tó ṣe é ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kò sì tíì sí ohun púpọ̀ tó mọ omi í há mọ́nú awọ bíi tirẹ̀. Ìgò kan ń pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Arẹwà Láìkunra · Ọjọ́ Ajé, 2:37 ọ̀sán

Mo ti kà gbogbo rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ béèrè: ta ni à ń ṣe gbogbo èyí fún?

Mo ti pé ọdún 58. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo fá irun mi kúrú, mo sì jẹ́ kí ewú gbà á. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Àbúrò mi kan béèrè bóyá ara mi kò yá. Obìnrin kan tí a jọ dàgbà ní ńṣe ni mo sọ ara mi di ìyá ọkọ mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹfà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ mọ́, èmi náà kò sì rántí mọ́. Owó tí mò ń fi kun dáì, orí ìrìnàjò ni mò ń ná an sí.

Kì í ṣe pé mo ní kí gbogbo yín ṣe bíi tèmi. Mo kàn ní ìpara yòówù kí a rà, wọn ó tún ṣe òmíràn tí yóò sọ fún wa pé ibòmíràn lára wa kò dára. Iná kò tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán léèékánná.

Olùṣírò · Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa Arẹwà, mo gbọ́ yín, mo sì mọ rírì ohun tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Oníwèé ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì ní Amẹ́ríkà, Jaclyn Wong àti Andrew Penner, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2016 lórí owó oṣù àti ìrísí. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n kà sí arẹwà ń gbowó jù, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmọ́ láàárín àwọn obìnrin, púpọ̀ nínú àfikún owó náà ló so mọ́ ìtúnraṣe, ìyẹn bí a ṣe ṣe irun, bí a ṣe múra, bí a ṣe tọ́jú ojú. Ẹwà tí a bí mọ́ni kò kó ipa tó tó ìyẹn. Tí obìnrin bá ní ẹ̀rù ń ba òun láti fi ewú jókòó síwájú àlejò, ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí a má sọ ọ́ bí ẹni pé àṣejù ló ń ṣe é.

Wọ́n tún ń gba owó lé e lórí fún wa. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà nílùú New York gbé ọjà obìnrin àti ti ọkùnrin tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Lápapọ̀, ti obìnrin fi ìdá 7 nínú 100 wọ́n ju ti ọkùnrin lọ. Nínú ọṣẹ irun, abẹ ìfárun àti irú wọn, ó tó ìdá 13. Ìpínlẹ̀ California ti ṣòfin pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé obìnrin ni wọ́n ń ta ọjà fún kí wọ́n fowó lé e, bí ọjà méjèèjì bá jọra.

Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, abẹ ọkùnrin ni mò ń rà. Ó ń fá irun ẹsẹ̀ dáadáa. Mo sì máa ń fi ìwọ̀n tó wà lára ìgò pín owó rẹ̀ kí n tó gbé e: mo fẹ́ mọ iye tí ml kan jẹ́. Ìgò yín tó di 40 ml yẹn, ẹ̀gbọ́n, tí owó rẹ̀ kò bá tiẹ̀ yí padà rárá, ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin wọ́n sí i.

Ojú Mi Padà · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Mo ti ń kà yín láti àárọ̀. Mo kọ̀wé, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.

Nígbà tí mo pé 44, àpá dúdú yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, ó wá dà bí ẹni fi ọwọ́ èédú gbá mi lójú. Mo gbìyànjú páódà, kò bò ó. Ẹnì kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé fi mí mọ ẹni tó ń po ìpara. Ike funfun ni, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n ju gbogbo ohun tí mo ti rà rí. Mo sọ fún ara mi pé bó ṣe wọ́n tó yẹn ló fi dára.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpá náà lọ. Gbogbo ojú mi mọ́, gbogbo èèyàn ń yìn mí. Mo fi pa á fún oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ tí ìpara náà tán tí mi ò rówó ra òmíràn, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó pọ́n, ó ń yún mi, irorẹ́ kéékèèké bò ó. Mo ń rí iṣan pupa lábẹ́ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí okùn òwú. Àpá dúdú náà sì padà, ó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dókítà awọ ara tí mo lọ bá gbóòórùn ike náà, ó yí i padà, ó wò ó lábẹ́, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ojú mi ń sọ fún òun pé sítẹ́rọ́ìdì tó le wà nínú rẹ̀, àti hydroquinone, ohun tó ń bó àwọ̀ ara, pẹ̀lú. Sítẹ́rọ́ìdì ń mú awọ fẹ́lẹ́. Hydroquinone, tó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ jù, lè sọ awọ di dúdú bíi búlúù tí kò ní lọ mọ́. Ó tún ní kí n lọ yẹ kíndìnrín wò, nítorí pé àwọn kan ń fi mákúrì sí irú ìpara bẹ́ẹ̀, mákúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí mákúrì ní ọdún 2013, Àdéhùn Minamata, tó ka irú ìpara yìí mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Kíndìnrín mi dára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ọdún méjì ni mo fi ń wo ojú, owó ìwòsàn náà sì ju owó ìpara lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin àbúrò mi, tí kò bá sí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lára ike, ẹ má fi kan ojú yín. Mo bẹ̀ yín.

Àbúrò Yín · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ojú Mi Padà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní irú ike bẹ́ẹ̀ nílé, mo ti jù ú nù láàárọ̀ yìí.

Ìbéèrè méjì fún Nọ́ọ̀sì Alẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Àkọ́kọ́, ṣé àwa aláwọ̀ dúdú nílò sunscreen, ìpara tó ń gbèjà awọ lọ́wọ́ oòrùn, lóòótọ́ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ gba owó wa? Ìkejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń gba Botox, abẹ́rẹ́ tó ń mú ìhunjọ ojú rọlẹ̀, síwájú orí. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó rẹ̀ pa mọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa pẹ̀lú ike yẹn.

Dúdú ara wa ń gbèjà wa, òótọ́ ni. Ìwádìí kan fi hàn pé awọ dúdú fúnra rẹ̀ ń ṣe bí SPF 13 (SPF ni nọ́ńbà ara sunscreen tó ń sọ bó ṣe ń gbèjà awọ tó). Ìdí nìyẹn tí awọ wa kì í fi í tètè hunjọ. Àmọ́ kò tó láti dá àpá dúdú dúró, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran gan-an máa ń mú kí àpá náà dúdú sí i lára wa. Fún ẹni tó ní àpá, sunscreen tó ní àwọ̀ díẹ̀, tí wọ́n fi iron oxide, ìyẹn èròjà tó ń fún un ní àwọ̀, sí, ló dára jù; ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ yẹn, kì í sì í fi ojú sílẹ̀ ní funfun bí eérú. Má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà tàn ọ́ náwó. SPF 30 ń dí nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 lára ìtànṣán tó ń jó awọ. SPF 50 ń dí 98. Tí ìkejì bá wọ́n ní ìlọ́po méjì, mú ti àkọ́kọ́, kí o sì fi pa á dáadáa: ó yẹ kó gùn tó ìka ọwọ́ méjì fún ojú àti ọrùn. Ẹni tó ra èyí tó wọ́n tó wá ń fi díẹ̀díẹ̀ pa á nítorí owó, SPF 50 rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bí 30.

Botox: kì í ṣe ohun tuntun, ọdún 2002 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ìhunjọ àárín ojú méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò lára. Nítorí náà, má ro owó ìgbà kan. Ro owó ìgbà mẹ́ta lọ́dún fún iye ọdún tí o bá fẹ́ fi ṣe é, bí ẹni ń san owó ilé. Tó bá tọ́ sí ọ, ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí o ti gbà á, kì í ṣe ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ìhunjọ ló ń dùn ọ́, bi dókítà nípa tretinoin. Oògùn irorẹ́ àtijọ́ ni, ọdún 1971 ló ti wà lórí igbá. Kò wọ́n bí àwọn ìgò tó ń dán, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Bí ẹ̀wà kan ni kí o fi pa gbogbo ojú, lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ bó díẹ̀. Fún un ní oṣù mẹ́fà. Aboyún tàbí ẹni tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, mo sì sọ èyí nítorí pé ọmọ ọdún 41 ṣì lè lóyún.

Ìyá Olójú Mẹ́rin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo rí irun, mo rí ojú, mo rí èékánná. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ eyín.

Mo ná owó sórí ojú mi láti 45 dé 52. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́rìgì mi tí mo bá fọ eyín ní àárọ̀. Mo ń tutọ́ pupa sínú àwo, mo ń fi omi ṣàn án lọ, mo ń kun lípsítíìkì mi, mo ń jáde. Eyín ọ̀kánkán méjì ni mo pàdánù lápá òsì. Kò sí ìpara tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọnú padà. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, egungun ń fúyẹ́, èyí tó di eyín mú náà sì wà lára egungun. Bí ẹ bá fẹ́ gé owó nínú ìwé yín, ẹ má gé ti oníṣègùn eyín.

Ojú ńkọ́? Lẹ́yìn ogójì ọdún ni ojú gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó súnmọ́ tòsí. Fún ọdún kan gbáko ni mo fi ń kun tìróò wọ́gọwọ̀gọ, tí mò ń dì í ru ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí mo ra awò ìkàwé, mo rí ojú mi nínú dígí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì rí i pé kò burú bí mo ṣe rò.

Arẹwà Láìkunra · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:25 alẹ́

Olùṣírò, mo ti ronú sí ohun tí o sọ. Òótọ́ ni pé mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó fá irun mi. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ká ní mo ṣì ń jókòó síwájú àlejò ni, mi ò bá má ní ìgboyà yẹn. Ìyá Oníwèé, ẹ forí jì mí tó bá dà bí ẹni pé mo fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yín.

Ojú Mi Padà, mo gbàdúrà fún yín lálẹ́ àná.

Ìyá Oníwèé · ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà wá jíṣẹ́ fún yín, torí pé ẹ ṣe mí lóore.

Mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tairọ́ìdì mi dára. Èròjà irin ti lọ sílẹ̀ gan-an, dókítà sì yà á lẹ́nu pé mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Mo ti ń ro ó pé ọjọ́ orí ló ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. Oògùn irin ni mò ń lò báyìí. Ó ní kí n má retí ìyípadà lórí irun kó tó di bí oṣù mẹ́fà. Oògùn irun tó ń já, ìgò mẹ́ta tó ṣì kún, mo ti kó o sínú àpótí.

Mo ṣí ìwé mi, mo fa ìlà. Ìpara ọrùn, mo fagi lé e. Ti abẹ́ ojú, mo fagi lé e. Ti ọ̀sán àti ti alẹ́ ti di ọ̀kan, sunscreen ló gba àyè èkejì. Ti ara, Vaseline ni, lórí awọ tó ṣì tutù bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti wẹ̀ tán, mo ti wọṣọ tán, ara mi kò fà mí. Mo dúró síbẹ̀, mo fi ọwọ́ pa apá mi. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Èékánná ọwọ́, èmi fúnra mi ni mò ń ṣe é nílé. Àmọ́ ti ẹsẹ̀, mi ò fagi lé e, mi ò sì ní fagi lé e. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń lọ, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. A ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a ó ti ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sọ̀rọ̀ ìyá wa tó ti lọ. Owó yẹn, n ó máa san án.

Mo ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín náà. Ìyá Olójú Mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́rìgì èmi náà, mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn.

Dáì ló kù. Onídìrí Àgbà, mo dé iwájú ibi tí wọ́n tò wọ́n sí lánàá, ó ju ogún páálí lọ, mo dúró títí mo fi padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Èwo ni kí n mú?

Onídìrí Àgbà · wákàtí kan lẹ́yìn náà

Inú mi dùn mà. Nọ́ńbà máa ń wà lára páálí. 1 ni dúdú kirikiri, ẹ má wò ó. Ẹ mú 3. Tí 3 kò bá sí, ẹ mú 4, kì í ṣe 2. Ẹ pín ìgò náà sí méjì, torí pé gbòǹgbò nìkan lẹ fẹ́ kùn. Ẹ má po ohun tí ẹ kò ní lò, torí pé èyí tí ẹ bá ti pò kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹ bo èyí tó kù nínú ìgò dáadáa de ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ̀yìn etí, wákàtí 48. Ẹ fi díẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ òní, tó bá fi di alẹ́ ọ̀tunla ẹ ó ti mọ̀.